Ìwé Mẹ́sàn-án Tí Mo Kọ Nítorí Aáyán

Mo fẹ́ kó wà lákọsílẹ̀ pé aáyán àkọ́kọ́ tí mo rí ní Ọ̀wọ̀ kò sá fún mi. Ọjọ́ Sátidé ni, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, oòrùn ti wọ kíṣìnì dáadáa, mo sì ń wá ibi tí màá gbé agolo mílíìkì sí. Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Aáyán kan dúró lórí pákó, ó ń ju irun gígùn méjì orí rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, bí onílé tó fẹ́ mọ ẹni tó wọlé láìkanlẹ̀kùn. Èmi ni mo ti kọ́bọ́ọ̀dù náà padà. Èyí tó burú jù ni pé mo ní, "Ẹ má bínú."

Ìyẹn ni ìwà àìtọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n hù sí mi nínú ilé náà, mo sì kọ ọjọ́ àti aago rẹ̀ sílẹ̀. Bí mo ṣe rí nìyẹn. Tí ẹni tó ń ta gàrí bá rẹ́ mi jẹ, mo lè sọ iye ẹ̀kúnwọ́ tó fi dín. Ní yunifásítì ní Kùtọnu, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń gbé ẹ̀sùn wọn wá kí n bá wọn kọ ọ́, torí wọ́n mọ̀ pé ẹni tí mo bá kọ̀wé sí kò ní ríbi sá sí.

Ọmọ Kétu ni mí, Kétu ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, kì í ṣe Kétu ti Èkó. Faransé ni mo kà, Faransé náà ni iléèwé aládàáni kan ní Ọ̀wọ̀ ní kí n wá máa kọ́ àwọn ọmọ. Nígbà tí mo gbà láti wá, mo rò pé mi ò lọ síbì kankan. Yorùbá ni mí, àárín Yorùbá ni mò ń lọ, kí ló tún kù tí wọ́n ń pè ní ilẹ̀ òkèèrè?

Ọ̀sẹ̀ kan péré ni mo fi mọ̀ pé mo tan ara mi jẹ. Àwọn ará ìlú náà, tí wọ́n ń pè é ní Ọ̀ghọ̀ láàárín ara wọn, ní ẹnu tiwọn. Tí ìyá méjì bá ń sọ̀rọ̀ nídìí àtẹ, ọ̀rọ̀ kan nínú mẹ́wàá ni mò ń gbá mú. Bí mo bá ti sún mọ́ wọn báyìí, wọ́n á yí ohùn padà sí Yorùbá inú ìwé, wọ́n á kí mi tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Mo mọ̀ pé inú rere ni wọ́n fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ó dà bí ìgbà tí wọ́n sáré gbé àga fún ènìyàn: ara tù ọ́, o sì rántí pé àlejò ni ọ́. Èmi náà, tí mo bá la ẹnu Kétu tèmi, wọ́n á bi mí bóyá Tógò ni mo ti wá.

Oṣù Kẹsàn-án ni mo dé. Ọdún Ìgógó ń lọ lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún mi. Mo wé gèlè mi lọ ra iṣu. Mo ṣáà rí i pé ojú gbogbo ènìyàn wà lórí mi, mo rò pé gèlè náà ló bá mi mu. Ìyá kan tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní, "Ìyàwó mi, a kì í wé gèlè lásìkò yìí. Àwọn ọkùnrin pàápàá kì í dé fìlà. Ẹ jẹ́ n bá yín tú u." Ó tú u lórí mi, ó ká a jẹ́jẹ́ bí ẹni ń ká aṣọ ọmọ tuntun, ó tì í bọ inú àpò mi, ó sì fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì lé e lórí. Mo délé, mo mú bírò láti kọ ẹ̀sùn. Mi ò rí ẹni tí màá kọ ọ́ sí.

Ohun tó sọ ọ̀rọ̀ aáyán di ọ̀rọ̀ ńlá ni Ìbídùn. Ọmọ mi nìyẹn, ọmọ ọdún mẹ́fà, tí mo fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá mi ní Kétu. Bàbá rẹ̀ ti ní ilé mìíràn, a kì í jà, mi ò sì ní ohun tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àdéhùn èmi àti ìyá mi ni pé kí n ríbi jókòó sí dáadáa, kí Ìbídùn wá bá mi, kó bẹ̀rẹ̀ iléèwé níbi tí mo ti ń kọ́ni. Gbogbo ọjọ́ Àìkú la máa ń rí ara wa lórí fídíò. Ní oṣù kejì tí mo dé, bí mo ṣe ń bá wọn sọ̀rọ̀ nínú kíṣìnì, ojú ìyá mi yí padà.

"Kí ló ń rìn lẹ́yìn etí rẹ yẹn?"

Mo ní òjìji ni.

"Òjìji wo ló ń fò?"

Kò pariwo. Ìyá mi kì í pariwo. Ó kàn ní ọmọ tí òun ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, òun kò ní gbé e lọ síbi tí kòkòrò á ti máa rìn lórí abọ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí ilé mi bá mọ́, òun á mú un wá fúnra òun. Tí kò bá sì tíì mọ́ títí iléèwé fi wọlé fún ọdún ẹ̀kọ́ tuntun, Kétu ni ọmọ á ti kàwé, kí n má tún sọ ọ́ mọ́. Ìbídùn sún mọ́ fóònù títí imú rẹ̀ fi gba gbogbo ojú fóònù mi. Ó ní, "Màmá, ẹ pa wọ́n kíákíá."

Onílé wa jẹ́ bàbá ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, ọmọ Ọ̀wọ̀ gan-an, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, ẹni tó ṣiṣẹ́ ìjọba títí ó fi fẹ̀yìn tì. Fáìlì ni wọ́n ní kó máa tọ́jú níbẹ̀. Lójú rẹ̀, Bàbá la ń pè é. Lẹ́yìn rẹ̀, Bàbá Fáìlì. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì onífúláàtì mẹ́rin ni: Bàbá wà nísàlẹ̀ níwájú, èmi wà nísàlẹ̀ lẹ́yìn, Sísítà Fọlá, nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ọmọ Ìkìrun, wà lókè mi, àwọn tọkọtìyàwó kan tí wọn kì í sábà sí nílé sì wà ní ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀.

Mo lọ bá Bàbá, mo sọ ohun tí ojú mi rí. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó ní níbi iṣẹ́ tòun, ọ̀rọ̀ tí kò bá sí nínú ìwé kò tíì dé ọ̀dọ̀ òun. Inú mi dùn. Mo rò pé mo ti rí ẹni tí mo ń wá.

Kókó méje ló wà nínú ìwé àkọ́kọ́ tí mo kọ. Èsì gba abẹ́ ilẹ̀kùn mi wọlé lọ́jọ́ kejì. Bàbá fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ tẹ̀ ẹ́, ó fi nọ́ńbà fáìlì sí i lókè, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì ní kí n tún un kọ ní ẹ̀dà méjì torí mi ò fi déètì sí ojú ewé kejì. Òótọ́ ni, mi ò fi déètì sí i. Inú bí mi débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn rẹ̀.

Mo tún un kọ. Nínú ìwé kẹta, mo sọ iye: mẹ́rìnlá ní kíṣìnì, mẹ́ta ní báluwẹ̀, ọ̀kan nínú bàtà tí mo fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá fèsì pé báwo ni mo ṣe mọ̀ pé mẹ́rìnlá ni, pé ṣé kì í ṣe ẹyọ kan ni mo kà lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá. Mo ka ìwé yẹn lórí ìdúró. Mo jókòó, mo tún un kà. Lọ́jọ́ kejì mo fi abọ́ bo aáyán kan mọ́lẹ̀, mo fi kútẹ́ẹ̀sì pupa sàmì sí i lẹ́yìn, mo sì tú u sílẹ̀, kí n lè fi hàn pé àwọn yòókù kò ní àmì.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Sísítà Fọlá sọ̀kalẹ̀ wá pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Títí dìgbà yẹn, ìkíni àárọ̀ nìkan ló wà láàárín àwa méjèèjì. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà mi.

"Àǹtí Faransé, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń kun kútẹ́ẹ̀sì fún aáyán nínú ilé yìí?"

Mo ní èmi ni.

Ó ní nígbà tí aáyán náà wọlé bá òun, òun rò pé àìsùn ló ti ba òun lójú jẹ́, òun ti fẹ́ tọrọ ìsinmi lọ́wọ́ ọ̀gá òun. Lẹ́yìn náà ló jókòó sí ẹnu ọ̀nà mi, a rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó jókòó lọ́dọ̀ mi látìgbà tí mo ti dé.

Mi ò tíì sọ bí ilé náà ṣe máa ń dákẹ́ tó. Ní Kétu, inú agboolé la dàgbà sí, ènìyàn kò lè bínú ní ìyàrá kan kí wọ́n má gbọ́ ní ìkejì. Ní Ọ̀wọ̀, ìrẹsì ẹni márùn-ún ni ọwọ́ mi ṣì ń wọ̀n, mo sì ń jẹ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo máa ń fi Faransé bá àwọn aáyán wí, torí àwọn nìkan ni mo lè bá sọ ọ́ láìjẹ́ pé mò ń tún un ṣe fún wọn. Àwọn ará àdúgbò ń kí mi, wọ́n ń béèrè àlàáfíà mi, wọ́n ń yà fún mi lọ́nà. Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ mí. Ó sì rí bẹ́ẹ̀ gan-an: kò sẹ́ni tó sún mọ́ mi tó láti ṣẹ̀ mí, àfi aáyán.

Nígbà tí ìwé karùn-ún kò mú nǹkan wá ju "a ń gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò" lọ, mo wá olóògùn kòkòrò fúnra mi. Ọkùnrin oníṣẹ́ẹ̀tì funfun kan ni, ó ní káàdì, ó fín oògùn sí gbogbo kọ̀rọ̀ fúláàtì mi, ó ní kí n ti ilẹ̀kùn pa fún wákàtí mẹ́rin. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko, mi ò rí aáyán kan. Bí mo ṣe ń pe ìyá mi lọ́wọ́ láti ròyìn, Sísítà Fọlá ti ń kan ilẹ̀kùn: gbogbo wọn ti gòkè lọ bá a. Òun náà ránṣẹ́ pe ọkùnrin yẹn. Wọ́n sọ̀kalẹ̀ padà sọ́dọ̀ mi. Oṣù méjì la fi ń gbé aáyán ránṣẹ́ síra wa bí àwọn tó ń fi ọbẹ̀ tọrẹ. Mo ní kí olóògùn náà padà wá, mo ka kókó mẹ́rin tí kò ṣe sí i létí. Ó wo inú kọ́bọ́ọ̀dù, ó ní àwọn tí òun bá níjọ́sí ti kú, pé tuntun nìwọ̀nyí.

Mo ní, "Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Ó ní, "Èyí tí mo pa ò sanra tó báyìí, màdámù."

Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, Ìbídùn kì í kí mi tán kó tó béèrè pé ó ku mélòó. Mi ò lè parọ́ iye. Mo ní mọ́kànlá. Ó ní lọ́sẹ̀ tó kọjá mo sọ pé mẹ́sàn-án. Mo mọ ẹni tó bí i. Ní ọjọ́ Àìkú kan, nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí iléèwé wọlé, ó gbé fóònù lọ sí ẹ̀yìn ilé, ó fi ohùn kékeré sọ fún mi pé tó bá ku méjì tàbí mẹ́ta, kò burú, òun lè máa gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí wọn. Ó ní kí n má sọ fún ìyá àgbà. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo kọ ìwé kẹfà, ìkeje àti ìkẹjọ.

Sísítà Fọlá ló rántí Bọ̀dá Gbénga. Ọwọ́ Sísítà ni ìyàwó rẹ̀ bímọ sí. Àgbẹ̀ ará Ute nítòsí Ọ̀wọ̀ ni, oògùn kòkó ló sì ń fín, láti oko tiwọn títí dé Imoru. Ó gun ọ̀kadà wá, agolo ìfínkòkó wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹrẹ̀ oko wà lára bàtà rẹ̀. Kò wọlé. Ó yí ilé náà po lẹ́ẹ̀mejì níta, ó ń wo òkè, ó ń fọwọ́ kan ògiri, ó ń ka fúláàtì lórí ìka bí ẹni ń ka igi. Ó dúró níwájú ilẹ̀kùn kékeré kan tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, tí wọ́n fi àgádágodo tì, tí ògiri rẹ̀ àti ti kíṣìnì mi jẹ́ ọ̀kan náà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbóòórùn ojú ihò rẹ̀.

"Ibí ni ìyá wọn wà. Kí ló wà níbẹ̀?"

Mo ní sítọ́ọ̀ Bàbá ni, mi ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo ní kó ṣáà bá mi fín tèmi ná, pé àkókò ti lọ.

"Àǹtí, mi ò kì í fín ìdajì oko," ó ní. "Tí mo bá fín tiyín, tí mo fi ti ẹni tó bá yín pààlà sílẹ̀, ìyà ni mo fi jẹ yín. Gbogbo ilé, ọjọ́ kan ṣoṣo. Kí ẹ sì kó ohun tó wà nínú yàrá yìí síta." Ó ní a gbọ́dọ̀ ṣe é kí Ìgógó tó bẹ̀rẹ̀, torí òun kì í wọ inú oògùn láìbo orí.

Bàbá mú kọ́kọ́rọ́ wá. Kó tó ṣí i, ó kìlọ̀ fún wa pé ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe pàǹtí. Fáìlì ni, láti ilẹ̀ dé òkè, èyí tí wọ́n fi okùn dì, èyí tó wà nínú páálí. Gbogbo ayálégbé tó ti gbé ilé náà rí ló ní tirẹ̀. Òórùn aáyán bò wá lójú, ohun kan sì ń dún nínú àwọn páálí náà bí òjò wẹ́wẹ́.

Fáìlì tèmi ló wà lókè pátápátá. Bàbá ṣí i níwájú wa. Ìwé mẹ́jọ tí mo fara balẹ̀ kọ, tí mo fi déètì sí lójú ewé kọ̀ọ̀kan, etí wọn ti rí bí ewé tí tata jẹ. Kókó kẹta títí dé ìkẹfà inú ìwé keje kò sí mọ́. Ihò ló wà níbi tí mo ti buwọ́ lù ú. Aáyán kan jáde láti inú ìwé kẹrin, ó sanra, ó ń dán, ó rìn kọjá lórí ibi tí mo kọ "láìfi àkókò ṣòfò" sí, kò sáré rárá.

Bọ̀dá Gbénga wo fáìlì, ó wo èmi. Ó ní, "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ ń bọ́ wọn."

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. Inú ń bí mi, ẹ̀rín sì ń pa mí, mi ò mọ èyí tí màá kọ́kọ́ ṣe. Ọdún kan gbáko ni mo fi ń ṣe àsè fún wọn, ní ẹ̀dà méjì méjì.

Bàbá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Bọ̀dá Gbénga ní kí a dáná sun gbogbo rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn padà, ó ju kọ́kọ́rọ́ sápò, ó ní ìwé kankan kò ní jóná lójú òun. Ó wọlé lọ.

Èmi náà wọlé, mo kọ ìwé kẹsàn-án. Kókó méjìlá ni, mi ò tíì kọ èyí tó mú tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo gbé e lọ fún un lọ́wọ́, kó má baà ní kò dé ọ̀dọ̀ òun. Mo bá a ní pálọ̀, fáìlì mi wà lórí itan rẹ̀, ó ń fi sẹ́lótéèpù lẹ ìwé keje mi pa pọ̀. Mi ò lè na ìwé tèmi sí i.

Kò gbójú sókè. Ó ní, "Wọ́n ní fáìlì kan sọ nù lọ́wọ́ mi rí. Ti akọ̀wé kan tí ìgbéga rẹ̀ ti tó. Kí wọ́n tó rí i, àwọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ti di ọ̀gá rẹ̀. Mi ò sọ ọ́ nù. Ẹnì kan ló gbé e pamọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ mi ni wọ́n kọ." Ó ní òun kọ̀wé, òun tún kọ, títí òun fi fẹ̀yìn tì. "Ẹnikẹ́ni ò fèsì. Wọn ò tilẹ̀ sọ pé mo gbàgbé déètì."

Èmi tí mo mọ ìwọ̀n ìwà àìtọ́ gbogbo, mo mọ ìwọ̀n ìyẹn. Mo ká ìwé kẹsàn-án sápò. Mo wá sọ ọ̀rọ̀ Ìbídùn fún un: iléèwé tó fẹ́ wọlé, àdéhùn ìyá mi, ọmọ tó ní òun lè gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí aáyán. Bàbá yọ gíláàsì rẹ̀.

"Mo ti ka gbogbo ìwé rẹ tán, lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mejì. Kí ló dé tí ọmọ kò sí níbẹ̀?"

Mo ní mi ò mọ̀ pé ẹ̀sùn ni.

Ó bi mí pé ọjọ́ wo gan-an ni iléèwé ń wọlé. Ó ka ọjọ́ lórí ìka. Ó dìde, ó mú kọ́kọ́rọ́.

Ọjọ́ mẹ́jọ la fi ṣe é, ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, lábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ilé. Àdéhùn wa ni pé kí á ka fáìlì kọ̀ọ̀kan, kí n kọ ẹ̀sùn inú rẹ̀ àti bó ṣe parí sínú ìwé olójú líle kan. Èyí tí Bàbá bá fẹ́ tọ́jú á lọ sínú ike onídèérí, èyí tó kù á lọ sínú iná. Bàbá ń kà, mò ń kọ, Sísítà Fọlá ń gbọn fáìlì sínú ọpọ́n omi ọṣẹ. Àwọn adìẹ àdúgbò gbọ́, wọ́n wá láìpè. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, àwọn ará àdúgbò náà ti ń dúró lẹ́bàá ògiri láti gbọ́ ẹ̀sùn tí Bàbá ń kà, wọ́n ń sọ ẹni tó jàre.

Ará òkèèrè ni gbogbo àwọn tó kọ ìwé wọ̀nyẹn: àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn ọmọ Poli, àwọn tíṣà bíi tèmi. Ẹnì kan láti Ìláròó fẹ̀sùn kan àkùkọ. Ẹnì kan láti Ṣakí kọ ojú ewé mẹ́ta lórí ìrísí ògiri báluwẹ̀. Ìwé kan kúrú, ìlà mẹ́ta péré ni. Ẹni tó kọ ọ́ ní òun ti lo oṣù mẹ́rin nínú ilé náà, gbogbo ènìyàn ń kí òun dáadáa, kò sì sẹ́ni tó tíì bá òun jà, ara òun kò lélẹ̀. Mo gbé bírò sílẹ̀. Mo bi Bàbá pé kí ló fi dáhùn. Ó yí ìwé náà sí ẹ̀yìn, ó fi ohun tó kọ síbẹ̀ hàn mí: "Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jà."

Mo ní, "Ṣé wọ́n bá a jà?"

"Ìyàwó mi bá a jà títí," ni Bàbá wí. "Ọdún mọ́kànlá ni ayálégbé náà lò nílé yìí."

Ọjọ́ tí Bọ̀dá Gbénga padà wá, gbogbo ilé wà níta. Nígbà tí ẹrù ènìyàn bá wà ní gbangba, kò sí àlejò mọ́. A rí ìkòkò méje tí Sísítà Fọlá kò tíì lò rí, a rí kẹ̀kẹ́ Bàbá, wọ́n rí àwọn ìwé Faransé mi tí mo fi ti ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Àwọn tọkọtìyàwó òkè pàápàá sọ̀kalẹ̀, a sì rí i pé ọkọ ló ń se ọbẹ̀. Bọ̀dá Gbénga bo orí, ó bo imú, ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ògiri ìta, ó ń yí wọ inú bọ̀, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ká ẹran mọ́. Sítọ́ọ̀ ló fi parí. A jẹ iṣu sísun lábẹ́ máńgòrò, a ń gbọ́ bí àwọn aáyán ṣe ń já bọ́. Nígbà tí a gbá wọn jọ, bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà méjì ló kún. Bàbá fẹ́ mọ iye wọn fún àkọsílẹ̀. Bọ̀dá Gbénga ní kó kọ "púpọ̀". Bàbá rò ó, ó kọ ọ́.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí iléèwé wọlé nígbà tí ìyá mi dé pẹ̀lú Ìbídùn. Ọmọ náà fò mọ́ mi ní géètì, ó ti ga ju bí mo ṣe ń rí i nínú fóònù lọ. Ìyá mi kí gbogbo ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kọ àga, ó kọ omi, ó ní kíṣìnì dà.

Gbogbo wa tẹ̀lé e. Bàbá ti ṣí ìwé olójú líle náà, ó fẹ́ ka ìròyìn fún un. Ìyá mi ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ jẹ́ n gbóòórùn ná." Bàbá pa ìwé dé.

Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ti ọwọ́ bọ kọ̀rọ̀ rẹ̀, ó gbóòórùn ọwọ́ náà. Ó yí ìkòkò kọ̀ọ̀kan dojú dé. Ó ní kí á bá òun sún fíríìjì. Ó gba tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ Sísítà Fọlá, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú eékún rẹ̀ tó ń dùn ún, ó wo abẹ́ síǹkì. Ìbídùn ń tẹ̀lé e kiri, ó ń kéde pé, "Kò sí níbí, ìyá àgbà. Kò sí níbí náà." Ó lé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ọkàn mi ti ń balẹ̀, mo wá wo ojú ìyá mi dáadáa. Gbogbo kọ̀rọ̀ tó bá bá ní mímọ́, ojú rẹ̀ ń rẹ̀wẹ̀sì sí i. Ọdún kan ni ọmọ yẹn fi sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nínú gbogbo wa tó dúró síbẹ̀, òun nìkan ló ń wá aáyán tọkàntọkàn.

Ó dìde, ó gbọn ìró rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kéré.

"Ó mọ́."

Mi ò fi ọ̀rọ̀ tí kì í ṣòótọ́ sínú àkọsílẹ̀ kankan rí láyé mi, ṣùgbọ́n mo ní, "Ìyá, ẹ ò tíì wo ẹ̀yìn gáàsì. Ibẹ̀ ṣòro gan-an. Kò ṣeé wò tán lọ́jọ́ kan."

Ìyá mi wo gáàsì náà, tí òun fúnra rẹ̀ ti gbé kúrò tí ó sì ti gbé padà. Ó wò mí.

Ó ní, "Mo rí i bẹ́ẹ̀. Ó tó iṣẹ́ oṣù kan." Lẹ́yìn náà ló gba omi, ó jókòó, ó sì ní kí Ìbídùn wá bá òun bọ́ bàtà.